Báàgì Mọ́kànlá tí Arpine Buwọ́ Lù

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Hayfa já wọ ṣọ́ọ̀bù Joumana ní Ashrafieh, ní ìlú Beirut, láì kí ẹnikẹ́ni. Ó ju báàgì dúdú kan, Orsenne olówó ńlá tí wọ́n ń ṣe ní Faransé, sórí tábìlì gíláàsì, ó ní, "Ta ló ń jẹ́ Arpine nínú yín?"

Arpine wà nínú yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ti ń yẹ ọjà wò, kọfí rẹ̀ kò tíì tutù. Ó gbé ife sílẹ̀, ó jáde. "Èmi ni, mà. Ẹ káàárọ̀."

"Káàárọ̀ ta ni? Àárọ̀ yìí ò dáa fún mi, kò sì ní dáa fún ìwọ náà. Ṣé ọwọ́ rẹ nìyí?"

Ìwé ẹ̀rí ṣọ́ọ̀bù náà ló nà sí i. Arpine gbà á, ó wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ni. Orúkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, déètì oṣù mẹ́ta sẹ́yìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àwọn oníbàárà máa ń tìtorí rẹ̀ sanwó sì wà lókè: ojúlówó.

"Ọwọ́ mi ni, mà."

"Ó dáa. Wá gbọ́ ohun tí ọwọ́ rẹ ṣe fún mi." Hayfa fa àga, ó jókòó, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó tún dìde. "Mo fọmọ fọ́kọ ní Dubai. Báàgì yìí ni mo fi ta ìyá ọkọ ọmọ mi lọ́rẹ, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n máa wo ọmọ mi bí ẹni tó ti ilé ìyà wá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, irin tó ń pa á dé yẹ̀. Ìyá ọkọ gbé e, ó mú ọmọ mi dání, ó di ṣọ́ọ̀bù Orsenne gan-an. Ọkùnrin kan wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó gbé báàgì wọlé, ó tún gbé e jáde. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ní, 'Ẹ má bínú, mà, a kì í tún ohun tí kì í ṣe tiwa ṣe.'"

"Yéè!" ni Joumana pariwo láti ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó ti ń ra báàgì àlòkù olówó ńlá tó sì ń tún un tà. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí Hayfa ti ń rojọ́, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí àyà.

"Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ìyá ọkọ ò bínú o! Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn fún mi. Ẹ̀rín ló rín. Ó ní, 'Kò burú, ọmọ mi. Èyí tó kù tẹ́ ẹ kó wá láti ilé yín ńkọ́, ṣé kí n máa kó wọn bọ̀ wá yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan ni?' Látìgbà náà, ọmọ mi ò lè gbójú sókè nínú ilé yẹn. Ó ń sunkún sí mi létí lórí fóònù, èmi náà ń sunkún."

"Hayfa, ẹ fara balẹ̀," ni Joumana wí. "Bóyá àwọn ará Dubai ló ṣì í. Ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí kì í ṣì í."

Kò purọ́. Kò sí ẹni tó ń ta báàgì olówó ńlá ní Beirut tí kò mọ Arpine. Ọmọ Vartkes ni, Vartkes tó ń tún awọ ṣe ní Bourj Hammoud láti ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, tí àwọn ìyàwó olówó máa ń fi báàgì wọn tó já rán awakọ̀ sí. Abẹ́ tábìlì tí bàbá rẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ni Arpine ti kọ́ ìwé kíkà, tó sì ti mọ òórùn awọ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí ti màlúù kó tó mọ òórùn òdòdó. Ní ọdún méje tó ti wà lọ́dọ̀ Joumana, kò tíì sí ayédèrú kan tó gba iwájú rẹ̀ kọjá. Á gbóòórùn inú báàgì. Á fi èékánná ra etí awọ. Á fa síìpù lẹ́ẹ̀mẹta, á tẹ́tí sí i. Á wá ka ojú abẹ́rẹ́ lábẹ́ awò, nítorí báàgì Orsenne, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán an, ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá fi ọwọ́ rán sì máa ń dà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí koríko tí afẹ́fẹ́ fẹ́, nígbà tí ti ẹ̀rọ máa ń nà tààrà.

Ó gbé báàgì náà sábẹ́ iná. Ó gbóòórùn rẹ̀: awọ ni, kò sí òórùn kẹ́míkà. Etí rẹ̀ dán, kò rọ̀, kò lẹ̀. Òǹtẹ̀ rẹ̀ kò jìn jù, kò fẹ́lẹ́ jù. Síìpù rẹ̀ dún bó ṣe yẹ kó dún. Ojú abẹ́rẹ́ dà sápá ọ̀tún, gbogbo wọn pátá, bí ọmọ iléèwé tó tò sórí ìlà. Àyà Arpine bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé àwọn ará Dubai ló ṣì í. Nǹkan kan sọ fún un pé kó wo inú.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tú aṣọ inú rẹ̀."

"Tú u. Fà á ya tó bá wù ọ́. Òkú ẹran kì í bẹ̀rù ọ̀bẹ."

Arpine mú abẹ. Ó gé òwú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ká aṣọ inú sẹ́yìn, ó tẹjú mọ́ ibi tí ẹnikẹ́ni kì í rí láéláé, níbi tí àpò kékeré inú gbé so mọ́ ara báàgì.

Níbẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ dà sápá òsì.

Ó fa iná sún mọ́ ọn. Apá òsì ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó rán báàgì yìí ti fi agbára tẹ ọwọ́ ara rẹ̀ lórí ba lóde, kó lè máa rìn bí ọwọ́ àwọn ará Faransé. Ìgbà tó dénú òkùnkùn tí kò ti retí ojú ẹnikẹ́ni, ọwọ́ náà ti padà sílé ara rẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni. Arpine bẹ̀rẹ̀, ó gbé imú sí ìdí òwú náà níbi tí wọ́n ti fi ìda dì í. Òórùn ìda oyin àti oje igi páìnì. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé yìí tó ń po méjèèjì pọ̀ nínú agolo tíì kan tó ti dípẹtà, nítorí òun Arpine gan-an ló máa ń bá a rò ó lórí iná nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ.

Etí rẹ̀ méjèèjì di. Ó ń rí i tí ẹnu Joumana ń mì, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Arpine! Mo ní kí lo rí?"

"Ayédèrú ni," ni Arpine wí.

Hayfa bú sẹ́kún. Joumana jókòó wọ̀ọ̀ sórí àga.

Arpine ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ọjà. Ta ló gbé báàgì yìí wá? Ghassan ni, alágbàtà kan tó ń sọ pé òun ń rà á lọ́wọ́ àwọn ìdílé olówó tí ayé le mọ́. Ó yẹ ìwé náà lọ sẹ́yìn. Ghassan. Ghassan. Ghassan. Báàgì Orsenne mọ́kànlá ni Ghassan ti gbé wá láàárín ọdún kan ààbọ̀. Òun Arpine ló sì buwọ́ lu mọ́kọ̀ọ̀kànlá.

Ó gbé báàgì tó tú náà, ó ní òun ń bọ̀. Títí dòní, kò lè sọ bí òun ṣe gun afárá odò tó wà láàárín Ashrafieh àti Bourj Hammoud kọjá. Ohun tó kàn rántí ni pé ó bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀.

Vartkes jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, awò ojú rẹ̀ lórí imú, awọ kan láàárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni, irun rẹ̀ funfun, ọwọ́ rẹ̀ ṣì le bí irin.

"Bàbá mi, ẹ kúuṣẹ́."

"Arpine? Ìṣẹ́gun lòní, kì í ṣe Sunday. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

Ó gbé báàgì náà ka iwájú rẹ̀, inú rẹ̀ ní ṣíṣí sílẹ̀. Bàbá wò ó. Ó wò ó pẹ́, bí èèyàn ṣe máa ń wo ọmọ rẹ̀ tí wọ́n gbé dé láti ibi tó ti farapa. Ó fi àtàǹpàkò ra etí aṣọ inú rẹ̀.

"Ta ló fi abẹ tú u báyìí? Ó kù díẹ̀ kó bẹ́ awọ."

"Èmi ni."

"Abẹ rẹ ò mú tó."

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe é?"

Ó ń gbàdúrà kí bàbá sẹ́. Kó bínú, kó ní, ṣé orí ẹ dàrú ni? Kó ní ẹnì kan ló jí ìda òun. Bàbá kò sẹ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Kí ni wọ́n rí?" ló bi í. "Àwọn tó dá a padà. Kí ni wọ́n rí tí ìwọ ò rí?"

Kì í ṣe jíjẹ́wọ́ bàbá rẹ̀ ló dun Arpine jù. Ìbéèrè náà ni. Ó mọ ìbéèrè yẹn. Ó ti gbọ́ ọ rí, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn, tó bá wá jẹ mànti, oúnjẹ ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ẹran sínú rẹ̀, lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, bí wọ́n bá ti bu yúgọ́ọ̀tì lé e lórí tán, bàbá á ní, "Ọ̀sẹ̀ yìí ńkọ́? Ṣé ẹ rí ayédèrú mú? Kí lo rí tó o fi mọ̀?" Inú Arpine á dùn. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó tún ń bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀. Á sì rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, á máa fi ṣíbí yà á sórí tábìlì.

"Ìgbà tí mo sọ fún yín pé òórùn ọ̀dà etí awọ ló tú ayédèrú àwọn ará Istanbul fó," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Mo pààrọ̀ ọ̀dà mi."

"Ìgbà tí mo ní òǹtẹ̀ wọn máa ń jìn jù."

"Mo dín in kù."

"Síìpù ńkọ́?"

"Ghassan wá ojúlówó rẹ̀ rí ní Ítálì."

"Bàbá, ẹ̀yin mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e bọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì jókòó tì mí, ẹ̀ ń bu oúnjẹ fún mi?"

Bàbá na ọwọ́ sí i, ó fà sẹ́yìn. "Gbọ́ mi. Báńkì ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ohun tí mo fi ogójì ọdún kó jọ. Ìyẹn nìkan kọ́, mi ò ní purọ́ fún ọ. Gbogbo ayé mi, iṣẹ́ ẹlòmíì ni mò ń tún ṣe. Bó bá já, Vartkes á rán an. Bó bá fọ́, Vartkes á lẹ̀ ẹ́. Ta ló bi mí rí pé, ìwọ Vartkes, kí lo lè ṣe fúnra rẹ? Mo ní kí Ghassan gbé àkọ́kọ́ lọ bá ọ. Mo ní bí o bá dá a padà, ó parí, mi ò ní ṣe òmíràn. Ọjọ́ tó gbé ìwé ẹ̀rí rẹ dé, mo ti ilẹ̀kùn yìí, mo sunkún. Mo ní, ọmọ tó mọ awọ jù ní gbogbo Beirut sọ pé ojúlówó ni iṣẹ́ ọwọ́ mi."

"Ẹ̀yin sunkún ayọ̀," ni Arpine wí. "Ọmọ ẹlòmíì ń sunkún ẹ̀tẹ́ ní Dubai. Orúkọ mi lẹ gbé fún Ghassan, bàbá. Èmi gan-an ni òǹtẹ̀ tẹ́ ẹ lù mọ́ ọn."

Ó dà bí ẹni pé àgbà ọkùnrin náà kò rò ó dé ibẹ̀ rí, pé òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ. Arpine gbé báàgì, ó jáde.

Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, Hayfa ti lọ. Joumana ti ilẹ̀kùn, ó sọ ohùn sílẹ̀.

"Fetí sílẹ̀. Ẹnì kan péré ló mọ̀. Màá dá owó Hayfa padà, màá bẹ̀ ẹ́. Mẹ́wàá tó kù ń gbé báàgì wọn kiri pẹ̀lú ìdùnnú. Má jẹ̀ẹ́ ká lọ jí ẹni tó sùn. A ó kàn dá Ghassan dúró."

"Ẹ̀yin ò bi mí pé ta ló ṣe é."

"Ta ló ṣe é?"

"Bàbá mi."

Joumana wò ó bíi pé ó fi èdè tí kò gbọ́ rí bá a sọ̀rọ̀. "Vartkes? Vartkes tiwa yìí? Èyí tó tún báàgì ìyá mi ṣe?"

"Òun ni. Tẹ́ ẹ bá ní ká dákẹ́, gbogbo ìwé tí mo bá tún buwọ́ lù láti òní lọ, irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n pè wọ́n."

Joumana na nọ́ńbà wọn sí i. Arpine pe mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ohun kan náà ló ń sọ: "Mo yẹ báàgì yín wò, mo ní ojúlówó ni, mo ṣì í. Ẹ gbé e wá, wọ́n á dá owó yín padà." Mẹ́fà gbé e wá. Méjì bú u dé ìyá. Ẹnì kan ní òun ti tà á fún àbúrò ọkọ òun, òun ò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ láyé. Ẹni kẹwàá ni ìyá arúgbó kan ní Jounieh. Ó ní, "Ta ló rán ọ níṣẹ́? Mo ń gbé báàgì mi, ayọ̀ mi kún. O wá gbà á lọ́wọ́ mi láì fọwọ́ kàn án." Ó pa fóònù. Ọ̀rọ̀ yẹn ká Arpine lára ju èébú lọ. Fóònù Ghassan kò wọlé mọ́. Wọ́n ní ó ti ré kọjá sí Cyprus.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, Joumana pè é sí ọ́fíìsì. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ọmọ dáadáa ni ọ́. Àmọ́ mi ò lè fi orúkọ rẹ sára ìwé mi mọ́."

"Mo mọ̀, mà," ni Arpine wí. Ó kó awò rẹ̀ àti iná kékeré rẹ̀ sínú ọ̀rá.

Láti ibẹ̀ ló ti lọ sílé Hayfa. Hayfa fẹ́ẹ̀ má ṣílẹ̀kùn fún un. Arpine ṣàlàyé ohun gbogbo lórí ìdúró, kò fi bàbá rẹ̀ pa mọ́. Hayfa pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Bàbá tó bí ọ lọ́mọ?"

"Òun ni, mà."

"Ha! Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Jókòó. Jókòó kó o tó ṣubú sí mi lọ́rùn."

"Mà, mi ò wá jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe ìyá ọkọ ọmọ yín."

Hayfa wò ó tìyanu-tìyanu, ó pè é. Arpine gba fóònù. Ó dárúkọ ara rẹ̀, ó ní òun lòun buwọ́ lu báàgì náà, pé owó ojúlówó ni Hayfa san, kò mọ nǹkan kan. Obìnrin òdìkejì rẹ́rìn-ín kékeré. Ó ní, "Wọ́n sanwó fún ọ kó o wá sọ ìyẹn ni?"

"Rárá, mà. Wọ́n ti lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Bàbá mi ló ṣe báàgì yẹn."

Ẹ̀rín náà dá.

"Bàbá rẹ ló ṣe é," ni obìnrin náà tún un sọ, "ìwọ tí o jẹ́ ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ iṣẹ́ rẹ nìyẹn, o gbé e lọ́wọ́, o ò sì mọ̀?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Olúwa mi o." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ibo ni Hayfa ti fẹ́ mọ̀ nígbà náà?" Wọ́n gbọ́ ọ tó yíjú sẹ́yìn, tó pe orúkọ ọmọ Hayfa, tó ní, "Ọmọ mi, máa bọ̀. Máa bọ̀ wá gbọ́." Hayfa já fóònù gbà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Arpine rọra fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀.

Oṣù méjì ni kò fi dé Bourj Hammoud. Sunday á dé, á kọjá. Ó gbé tábìlì kan sínú pálọ̀ ara rẹ̀, ó ń bá àwọn tó bá wá yẹ báàgì wò. Kó tó fọwọ́ kan ọjà ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ sọ fún un pé, "Ẹ mọ̀ pé mo ti gba ayédèrú mọ́kànlá wọlé rí o." Àwọn kan á dìde lọ. Àwọn tó kù á jókòó.

Ọjọ́ Sátidé kan ló gbọ́ tí ẹnì kan ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́nu ọ̀nà. Iná kò sí, ẹ̀rọ agbéniròkè ò ṣiṣẹ́, bàbá rẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ gun àjà mẹ́fà. Kò dé ilé náà rí. Ó gbé ọ̀rá kan lé tábìlì: òǹtẹ̀ idẹ, páálí tó fi ń gé awọ, èyí tó kù nínú òwú náà.

"Mo fẹ́ fọ́ òǹtẹ̀ yìí," ló wí, "mo fi òòlù lù ú títí, kò fọ́, ó kàn tẹ̀ ni. Mo gbé e wá kó o rí i pé ó ti tẹ̀."

Arpine wò ó. Òótọ́ ni, kò lè tẹ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ nǹkan kan mọ́. Ó bu omi fún bàbá rẹ̀. Bàbá mu ún tán, ó ń yí ife lọ́wọ́.

"Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ. Mọ́kànlá kọ́ ni."

Arpine gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀.

"Mẹ́rin mìíràn wà tí kò gba ọ̀dọ̀ rẹ kọjá. Kuwait ni Ghassan kó wọn lọ. Wọ́n dáa ju àwọn tó gba ọ̀dọ̀ rẹ lọ. Mo ti yí ọwọ́ mi padà nínú wọn, òde àti inú. Ìwọ gan-an ò lè mọ̀ ọ́n."

Arpine jókòó. Ó wo ọwọ́ arúgbó náà tó wà lórí tábìlì, ọwọ́ òsì tó kọ́ ara rẹ̀ ní ìrìn ọ̀tún nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó rò ó pé kí òun lé e jáde. Ó rò ó pé kí òun sunkún.

Ó fa ìwé kan jáde, ó mú bírò.

"Ẹ sọ wọ́n fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan," ló wí. "Àkọ́kọ́, kí ni àwọ̀ rẹ̀?"

"Ewéko tútù," ni Vartkes wí, ó sì fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. "Awọ ewúrẹ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ tí wọ́n fi ń gbé e, mo rán an lẹ́ẹ̀mejì, nítorí àkọ́kọ́ ò tẹ́ mi lọ́rùn, ihò abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ sì ṣì wà níbẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kí àwọn tó rà á wò."